Abẹ̀bẹ̀ awọ àtijọ́ tí etí rẹ̀ ti ká: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Okun o, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ awọ. Abẹ̀bẹ̀ ìyá àgbà kan wà nílẹ̀ ní Kabba níbí. Ó rí roboto, ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30. Awọ màlúù gbígbẹ ló wà láàárín, awọ ewúrẹ́ pupa ni wọ́n fi bò ó lójú méjèèjì, wọ́n sì rán àrà awọ dúdú lé e lórí.

Awọ màlúù gbígbẹ yìí ń fa ọ̀rinrin ju ti ewúrẹ́ lọ. Nítorí náà, nígbà òjò, etí rẹ̀ ká sókè, òwú sì já ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin lẹ́bàá ọwọ́ rẹ̀. N kò fẹ́ fi omi kàn án rárá, torí pòròpórò ọkà bàbà ni wọ́n fi pa awọ ewúrẹ́ náà láró; omi á mú àwọ̀ rẹ̀ ṣí. Èrò mi ni kí n gbé e sínú ike tó ní aṣọ ọ̀rinrin nísàlẹ̀, láìjẹ́ kí wọ́n fara kanra, títí yóò fi rọ̀, kí n tó fi pákó méjì tẹ̀ ẹ́. Ṣé kò ní hu èéhù báyìí?

Ihò òwú àtijọ́ ni mo fẹ́ gbà rán an, torí ihò tuntun máa ń ya awọ tó ti gbó. Ṣé òwú lílọ́ ni kí n lò tàbí òwú ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù)? Ẹ̀rù ọ̀rá ń bà mí, ó máa ń gé awọ. Gọ́ọ̀mù tó ń le gan-an kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Kòkòrò tún ti lu ú. Fíríìsà ọ̀sẹ̀ méjì ló yẹ kí kòkòrò náà lè kú, ṣùgbọ́n iná kì í dúró. Kí lẹ ń lò?