Ẹ jọ̀ọ́, énsáìmù (èròjà tó ń mú iṣẹ́ yá nínú ara) wo ni wọ́n ní jẹjẹrẹ fi ń já wọnú ẹran ara?

Ẹ kú ilé o. Èsì biopsy (ẹran díẹ̀ tí wọ́n gé yẹ̀ wò) ọyàn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, "invasive" ni wọ́n kọ síbẹ̀, dókítà ní jẹjẹrẹ ọ̀hún ti fi énsáìmù já ògiri tó yí i ká. Ẹ̀gbọ́n mi délé, ó kó oògùn énsáìmù tó ń lò kóúnjẹ lè dà sínú báàgì ilẹ̀, ó lóun ò ní fọwọ́ ara òun bu epo síná. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kò sì sí oògùn tó lè dá énsáìmù yẹn dúró ni?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o àbúrò mi. Ẹ má jẹ́ kó da oògùn kankan nù láìbi dókítà ẹ̀. Ìyẹn tó ń da oúnjẹ kọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ará Lábù: Iṣẹ́ mi nìyí, mo máa ń rí i lábẹ́ maikirosikópù. Tí jẹjẹrẹ bá ṣì há sínú ọ̀nà tí omi ọmú ń gbà, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣì bò ó, kọ́lájìn, ìyẹn okùn purotéènì kan, ló di awọ yẹn mú, "in situ" là ń kọ nígbà yẹn. Àwọn énsáìmù tí wọ́n ń pè ní MMP ló ń gé kọ́lájìn ọ̀hún, pàápàá MMP-2 àti MMP-9, síńkì ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì náà á na ẹsẹ̀ tín-ín-rín síta, énsáìmù á wà lórí ẹsẹ̀ yẹn, ibi tó bá ti tẹ̀ ló máa lu. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wa tó wà nítòsí ló ń bá a pèsè púpọ̀ nínú ẹ̀! Nítorí MMP kì í ṣe ọ̀tá, òun náà ló ń bá wa tún ojú ọgbẹ́ ṣe. Lára ìrù ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó ń yọ́ lọ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1962.

Bọ̀dá Kúnlé: Ti oògùn tó lè dá MMP dúró, wọ́n ti dán an wò láwọn ọdún 1990, marimastat wà lára wọn. Oríkèé bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn tó ń lò ó, nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò ni ò sì ti mẹ́mìí wọn gùn sí i, torí ó ń dí MMP tó ń ṣe ara lóore náà mọ́ ọn.

Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bi yín, ṣé "invasive" túmọ̀ sí pé ó ti dé ibi gbogbo lára òun?

Ará Lábù: Rárá o! Ó ti já ògiri ni, ìyẹn ò sọ pé ó ti dé ẹ̀dọ̀ tàbí eegun. Kó béèrè stage ẹ̀, ìyẹn ibi tó ti dé, àti ohun tí wọ́n bá nínú àwọn kókó abẹ́ abíyá.

Mo ti kà á fún un lórí fóònù. Ó ní kí n tún un kà.