Èmi nìkan ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin èèyàn ń sọ ìrìn àjò àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ dá lọ sílẹ̀ òkèèrè. Tèmi ò jìnnà bíi ti àwọn tó lọ Lọ́ńdọ̀n o, Àjàṣẹ́ ni mo lọ, Porto-Novo tó jẹ́ olú-ìlú Benin, àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí màá dá nìkan kúrò ní Nàìjíríà nìyẹn, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Bọ́dà Ìdìròkó ni mo gbà bọ́ sí Ìgòlò tó wà lápá ti Benin, wọ́n wo pásípọ́ọ̀tù mi, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, mo ṣẹ́ owó sí sẹ́fà, mo wọ takisí.

Bá a ṣe kọjá bọ́dà báyìí, gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ṣọ́ọ̀bù di Faransé. Àyà mi já, torí "bonjour" nìkan ni mo gbọ́ nínú ẹ̀. Ìyá kan tó jókòó tì mí wá gbé fóònù, ó ń kìlọ̀ fún ọmọ ẹ̀ pé kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹja òun bà jẹ́, Yorùbá ni o, tó já geere, ó yí i sí Ẹ̀gùn, ó ju Faransé díẹ̀ sí i, ó tún padà sí Yorùbá. Mo ní "ẹ kú ìrìn o, màámi". Ó ní "Háà, ọmọ Nàìjíríà! Ọ̀dọ̀ ta lò ń lọ?" Mo ní mi ò ní ẹnì kankan níbẹ̀, ìlú ni mo fẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ yẹn ò yé e rárá, àmọ́ nígbà tá a dé Wàǹdó, tí ọjà kún fọ́fọ́, táwọn tó ń ta bẹntiróòlù nínú ìgò tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òun ló bá mi dúnàá-dúrà lọ́wọ́ ọlọ́kadà, zẹ́mijàn ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí Ẹ̀gùn ni ọlọ́kadà yẹn, kò gbọ́ Yorùbá. Ọlọ́run á bá mi ṣìkẹ́ ìyá yẹn.

Ibi tí mo pẹ́ sí jù ni mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tó wà nítòsí ọjà ńlá. Ẹni tí ò bá mọ̀ á pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn Àgùdà ló kọ́ ọ, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ Brazil tí àwọn àtọmọ wọn padà wálé, Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn, bí wọ́n ṣe ń kọ́lé ní Bàhíà lọ́hùn-ún náà ni wọ́n ṣe kọ́ ilé Ọlọ́run wọn níbí, 1912 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọ̀dà ara ẹ̀ ti ń bó nígbà tí mo débẹ̀, ó dùn mí gan-an. Bàbá àgbà kan jókòó síbi òjìji, mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n bi mí léèrè ìlú mi, mo ní Abẹ́òkúta, wọ́n ní bàbá tó bí bàbá bàbá àwọn, Bàhíà ló ti bọ̀. Wọ́n tún ní ọdẹ Yorùbá ló kọ́kọ́ dó sí Akron, àdúgbò tó pẹ́ jù nínú ìlú. Gbogbo ẹ̀ ní Yorùbá, èmi ni mo sì wà nílẹ̀ òkèèrè o! 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó pín ààlà yìí láàárín ara wọn, wọn ò bi ẹnikẹ́ni nínú wa. Inú ṣì ń bí mi sí i.

Mo wo Honmè náà, ààfin àwọn ọba àtijọ́ tó ti di mùsíọ́ọ̀mù, àmọ́ Faransé lẹni tó mú mi yí ká ń sọ, díẹ̀ ló yé mi.

Alẹ́ ló le jù. Mo jẹ àmìwò, ìyẹn òkèlè àgbàdo tí wọ́n fi ọbẹ̀ tòmátò rò, àti adìyẹ, ó dùn, kò sẹ́ni tí màá bá sọ ọ́. Ìlú ti pa lọ́lọ́ kó tó di aago mẹ́wàá, sííìmù mi ò ṣiṣẹ́, mo kàn ń wo òrùlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dá lọ, ẹ ra sííìmù wọn lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní ṣéńjì sẹ́fà lọ́wọ́ torí àwọn ọlọ́kadà kì í ní.

Ẹni tó bá ti gba bọ́dà Sèmè lọ rí, ẹ bá mi sọ bó ṣe rí níbẹ̀, Ìgòlò nìkan ni mo mọ̀.