Bí àgbà oníwáyà kan ṣe tún áàpù mi ṣe

Ọdún 2018 ni mo kọ́kọ́ wọ ibùdó mas kan ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Mas ni àwọn ará Trinidad, erékùṣù kan ní Caribbean, ń pe ohun tí àwa ìbá pè ní gbígbé ẹ̀kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn kì í bo ojú ní gbogbo ìgbà. Inú ibùdó yìí ni wọ́n ti ń rán aṣọ, tí wọ́n ti ń tẹ wáyà, tí wọ́n sì ti ń lẹ ìyẹ́ mọ́ adé fún ọ̀pọ̀ oṣù kí Notting Hill Carnival, àríyá òpópónà àwọn ará Caribbean ní Lọ́ńdọ̀nù, tó dé ní òpin oṣù kẹjọ. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí ìyá rẹ̀ wá láti Port of Spain, olú ìlú Trinidad, ló mú mi lọ. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe jẹun, kí n tó jókòó ni mo sì ti gbà pé mo mọ ohun tí wọ́n ṣaláìní.

Ọmọkùnrin kan ń fi igi gíga rìn nínú ọgbà lọ́jọ́ náà. Moko jumbie ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n agéré tí mo rí l'Ékòó nígbà èwe mi ló wá sí mi lọ́kàn. N kò ní sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti mú un. Lóòótọ́, àwọn Yorùbá wà lára àwọn tó dé Trinidad, wọ́n sì ń bọ òrìṣà níbẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ń gun igi jó.

Gbogbo ìgbà òtútù ọdún náà ni mo fi ṣe áàpù fún ẹgbẹ́ tó ni ibùdó náà. Ó ń gba orúkọ àwọn tí yóò jó, ó ń tọ́jú ìwọ̀n aṣọ wọn, ó sì ń ka iye adé tó ti parí. Ó dára lójú mi. Nígbà tí Carnival 2019 ku ọ̀sẹ̀ méjì, áàpù ní ọgọ́ta adé ti wà nílẹ̀, a wá kà wọ́n lórí tábìlì, wọn kò pé ogójì. Àwọn obìnrin mẹ́ta ti gbé èyí tó kù lọ parí nílé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àyè irú ìyẹn kò sì sí nínú ohun tí mo ṣe. Ẹ̀bi mi ni. N kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí iṣẹ́ ṣe ń rìn kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Àgbà oníwáyà ibùdó náà kò bá mi wí. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á, Bàbá ni mò ń pè é, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó na ẹ̀mú sí mi, ó ní kí n jókòó ti òun. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé bí ẹni tó yàwòrán aṣọ bá ti ṣe tirẹ̀ tán, wọn a ṣe ẹyọ kan, wọn a sì gbé e kọ́ sára ògiri. Ẹni tó bá dé láti ibi iṣẹ́ lálẹ́ yóò wò ó, yóò ṣe irú rẹ̀. Bó bá rí ọ̀nà tó rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti so oríkèé wáyà kan, yóò gbé tirẹ̀ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ kejì, gbogbo ọwọ́ á ti yí sí i. Àwa oníkọ̀ǹpútà ń pe irú èyí ní open source, a sì máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé àwa la dá a sílẹ̀.

Bàbá a máa sọ̀rọ̀ bó ti ń tẹ wáyà. Ó sọ fún mi bí àwọn tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú ní Trinidad lọ́dún 1838 ṣe sọ òpópónà di tiwọn nígbà Carnival, bí wọ́n ṣe kojú àwọn ọlọ́pàá Captain Baker, ọ̀gá wọn, níbi Canboulay, ayẹyẹ òru tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ Carnival, lọ́dún 1881, àti bó ṣe jẹ́ pé nígbà tí ìjọba dí wọn lọ́wọ́ ìlù lílù, wọ́n gbá ọparun mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọparun ni agolo, lẹ́yìn agolo ni àgbá epo tó di steelpan, ìlù onírin Trinidad. Àdúgbò kan á gbọ́ ohùn tuntun lọ́dọ̀ àdúgbò kejì, á lọ jí i ṣe, á tún fi tirẹ̀ lé e. Ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín náà, lẹ́yìn tí wọ́n kọlu àwọn aláwọ̀ dúdú ní Notting Hill lọ́dún 1958, Claudia Jones, akọ̀ròyìn tí wọ́n bí ní Trinidad, kò dúró de ẹnikẹ́ni kó tó ṣe Carnival nínú gbọ̀ngàn ìlú St Pancras ní oṣù kìíní 1959.

Mo da èyí tó pọ̀ jù nínú áàpù náà nù, mo wá ṣe ògiri. Àwòrán àpẹẹrẹ kan, ohùn ẹni tó ṣe é, orúkọ rẹ̀, àti àyè fún ẹnikẹ́ni láti gbé tirẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀; kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí kòrónà lé Carnival kúrò ní òpópónà lọ́dún 2020, inú ilé ìdáná Bàbá ni a ti ń tẹ wáyà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń fi fóònù gba àwòrán ọwọ́ rẹ̀, àwa tó kù sì ń tẹ tiwa lẹ́nu bó ṣe ń ṣe é, oníkálukú nílé rẹ̀.

Àsìkò yẹn ni mo mọ̀ nípa iṣẹ́ Vernelle Noel, ọmọ Trinidad tó kọ́ iṣẹ́ ìyàwòrán ilé, tó sọ ọgbọ́n wáyà títẹ̀ di òfin ìyàwòrán tí kọ̀ǹpútà lè tẹ̀ lé, tó sì fi orúkọ Albert Bailey àti Stephen Derek, àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ méjì, pè é. Mo fi han Bàbá. Ó wò ó títí. Ohun kan ṣoṣo tó bi mí ni bóyá òótọ́ ni pé orúkọ àwọn àgbà náà ló wà lórí rẹ̀.

Ìjà tó kù kò tíì tán títí di òní. Àwọn kan nínú wa fẹ́ kí gbogbo ayé rí ògiri náà, àwọn mìíràn sì ń bẹ̀rù pé ẹgbẹ́ tí a jọ ń du ipò yóò jí aṣọ wa wò kí ọjọ́ ìṣípayá tó pé. Bàbá ní kí a ṣí oríkèé sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, kí a sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ aṣọ. Bí mo ṣe kọ ọ́ sínú kóòdù náà nìyẹn: ẹnikẹ́ni lè wá kọ́ bí a ṣe ń so wáyà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá wọ ibùdó kò lè mọ ohun tí wáyà náà fẹ́ dà.