Àìsí, àìtó, àìṣiṣẹ́: orúkọ wo la ó pe àléébù kọ́ńpílímẹ́ǹtì tí wọ́n bí mọ́ni?

Ẹ̀yin èèyàn wa, àbá tó wà níwájú wa ni pé kí á máa pe kọ́ńpílímẹ́ǹtì, àwọn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ara gbógun ti kòkòrò àrùn, ní “àfikún ara”, kí á sì pe àléébù rẹ̀ tó ń ti inú ìdílé wá ní “àìtó àfikún àjogúnbá”. N kò lè fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè ṣi aláìsàn lọ́nà.

Ẹni tó bá gbọ́ “àìtó àfikún”, fítámì ló máa lọ bèèrè ní kẹ́míìsì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, purotéènì tó lé ní 30 ló para pọ̀ di kọ́ńpílímẹ́ǹtì, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe púpọ̀ nínú wọn, kò sì sí fítámì tó lè rọ́pò wọn. Jules Bordet ló fi hàn ní àwọn ọdún 1890 pé bí a bá gbé omi ara ẹ̀jẹ̀ kaná dé nǹkan bí 56°C, áńtíbọ́dì inú rẹ̀, èyí tó ń dá kòkòrò àrùn mọ̀, kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò ní lè fọ́ kòkòrò mọ́, àfi tí a bá bu omi ẹ̀jẹ̀ tútù díẹ̀ sí i. Paul Ehrlich ló wá sọ nǹkan tí iná pa yẹn ní orúkọ tó ń jẹ́ dòní, torí pé òun ló ń mú iṣẹ́ áńtíbọ́dì pé. “Èròjà amúpé” ni mo dábàá. Kí C1 títí dé C9, tí wọ́n fi ń pe díẹ̀ nínú àwọn purotéènì náà, dúró bí wọ́n ṣe wà. A kò kúkú túmọ̀ AA, AS àti SS.

“Àìtó” ló ká mi lára jù. Nínú àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù, lẹ́tà DNA 28 tó já kúrò nínú jíìnì C2 ló sábà máa ń fa àléébù C2. Ẹni tó gba irú jíìnì bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, nǹkan bí ẹnì kan nínú 20,000, kò ní C2 rárá. Àìsí nìyẹn. Ẹni tó gba ẹyọ kan ní nǹkan bí ìdajì, ara rẹ̀ sì sábà máa ń le. Òun ni àìtó. C4 náà bá àìtó mu, torí jíìnì méjì, C4A àti C4B, ló ń ṣe é, iye ẹ̀dà wọn kò sì dọ́gba lára gbogbo èèyàn.

Ẹ wá wo C1 inhibitor, purotéènì tó ń kó C1 níjàánu, èyí tí mo fẹ́ ká pè ní ìjánu C1. Jíìnì rẹ̀, SERPING1, wà lórí kúrómósómù 11, ẹ̀dà kan ṣoṣo tó bàjẹ́ sì tó láti mú kí ojú, ọwọ́, ìfun tàbí ọ̀nà ọ̀fun máa wú. Nínú irú kìíní, iye ìjánu náà máa ń wálẹ̀. Nínú irú kejì, iye rẹ̀ pé, ó tilẹ̀ lè pọ̀ jù, àmọ́ kì í ṣiṣẹ́. Bí ìwé bá kọ “àìtó”, tí láàbù sì wọn iye nìkan, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan, aláìsàn á sì padà sílé. Bí ọ̀fun bá wú lẹ́yìn náà, adrenaline, oògùn ara yíyún àti steroid kì í ràn án, torí èròjà ara kan, bradykinin, ló ń fà á, kì í ṣe histamine tó máa ń fa ara yíyún. Àìṣiṣẹ́ ni kí á pe ìyẹn.

“Àjogúnbá” náà ńkọ́? Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin tó ní àléébù ìjánu C1, kò sí i lára bàbá tàbí ìyá rẹ̀. Ara tirẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Kò jogún ún, síbẹ̀ ìdajì-ìdajì ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí. “Àbímọ́” gba gbogbo wọn.

Ìdáhùn:

Ọ̀gá mi, ẹ ṣeun. Mo gba amúpé, mo gba àbímọ́ àti àìṣiṣẹ́. Àìsí ni n kò gbà. Èdè wa ń pe òkú ní aláìsí. Ta ló fẹ́ kí dókítà pe ọmọ òun ní “aláìsí C6”? “Aláìní C6” náà kò dára, torí tálákà là ń pè ní aláìní. Ẹ jẹ́ ká fi gbólóhùn sọ ọ́: C6 kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Kí á tó sọ ìyẹn pàápàá, kí á rí i dájú. Àyẹ̀wò CH50 máa ń fi ẹ̀jẹ̀ pupa àgùntàn tí áńtíbọ́dì ti bò wo bóyá omi ẹ̀jẹ̀ èèyàn á fọ́ ọ. Bí omi ẹ̀jẹ̀ bá pẹ́ lórí tábìlì dípò kó tètè wọ fìríìsà olótùútù -70°C, amúpé á ti tán, CH50 àti AH50, àyẹ̀wò kejì tó ń wo ọ̀nà tí amúpé ń gbà ṣiṣẹ́ láìsí áńtíbọ́dì, á sì já wálẹ̀ pọ̀. Bí CH50 nìkan bá jẹ́ òdo, C1, C2 tàbí C4 ni kí a wò. Bí méjèèjì bá jẹ́ òdo lẹ́yìn àtúnyẹ̀wò, C3 tàbí C5 sí C8 ni. Bí AH50 nìkan bá jẹ́ òdo, ẹ wo àwọn purotéènì amúpé mìíràn: factor B, factor D tàbí properdin. Jíìnì properdin wà lórí kúrómósómù X, nítorí náà ọmọkùnrin ló sábà máa ń mú, láti ọ̀dọ̀ ìyá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi “àrùn” ṣáájú orúkọ náà. Ní Jàpáánù, nǹkan bí ẹnì kan nínú 1,000 ni C9 kò sí lára rẹ̀, ara ọ̀pọ̀ wọn sì dá. Ewu tó wà fún ẹni tí ọ̀kan nínú C5 sí C9 kò sí lára rẹ̀ ni lọ́rùnlọ́rùn, tó lè padà wá lẹ́yìn tí wọ́n ti wò ó sàn. Ohun tí màá kọ sórí káàdì rẹ̀ nìyí: “C6 kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà ìbí. Ó nílò abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́rùnlọ́rùn, MenACWY àti MenB, kí wọ́n sì máa tún MenACWY gún ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Bí ibà bá gbé e, kó tètè dé ilé ìwòsàn. Ẹ yẹ àwọn ọmọ ìyá àti bàbá rẹ̀ wò: ìdá kan nínú mẹ́rin ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.”