Apá ni, kì í ṣe ìtànṣán: lórí ọ̀rọ̀ tí a ó fi dá calcareous nannofossil mọ̀ yàtọ̀

Àbá mẹ́rin ló wà nílẹ̀ fún bí a ó ṣe máa fi Yorùbá pe calcareous nannofossil, ìyẹn fọ́sìlì ewédò inú òkun tó kéré débi pé maikirosíkóòpù la fi ń rí i, àti àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀: “fọ́sìlì ẹlẹ́fun” fún gbogbo wọn lápapọ̀, “ìtànṣán” fún ohun tó yọ lára Discoaster, irú kan tó rí bí ìràwọ̀, “asà òkè” àti “asà ìsàlẹ̀” fún pẹlẹbẹ méjì tó para pọ̀ di coccolith (awẹ́ kékeré tó ń bo ara ewédò), “àlàfo” fún àárín rẹ̀. Asà dára. Ìyókù ń fẹ́ àtúnṣe.

Amọ̀ funfun ni ẹfun sábà máa ń jẹ́. Èyí tí à ń sọ jẹ́ kálísáìtì, bí èèpo ẹyin adìyẹ: ásíìdì díẹ̀ kàn án, ó hó, ó yọ́. Ìdí nìyí tí pH (ìwọ̀n kíkan) omi tí a fi ń po ìyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kò fi gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 7 lọ. “Fọ́sìlì kóńkóló oníkálísáìtì” gùn, ṣùgbọ́n kò ṣini lọ́nà.

Ti ìtànṣán ló burú jù. Bí a bá dábùú pólárọ́ìdì méjèèjì (àsẹ́ ìmọ́lẹ̀ ara maikirosíkóòpù), Discoaster tó dùbúlẹ̀ gbalaja sábà máa ń ṣókùnkùn. Ṣé “ìtànṣán mẹ́fà tí kò tàn” la ó máa kọ ni? Ẹ jẹ́ ká pè é ní apá. Inú ìmọ́lẹ̀ lásán la ti ń kà á, ṣóńṣó rẹ̀ la sì ń wò: D. brouweri ní apá mẹ́fà tí ṣóńṣó wọn kò pẹ̀ka, D. surculus náà ní mẹ́fà, ṣùgbọ́n ṣóńṣó pẹ̀ka mẹ́ta, D. pentaradiatus ní márùn-ún, ṣóńṣó pẹ̀ka méjì, D. tamalis ní mẹ́rin. A tún nílò “ìlẹ̀mọ́” fún kálísáìtì tuntun tó ń so mọ́ apá lẹ́yìn ikú ewédò tó ni ín. Tó bá ki, ṣóńṣó á kú, ẹ̀ka kò ní hàn mọ́. Ká kọ Discoaster sp. (Discoaster tí a kò mọ irú rẹ̀ pàtó) ká sì kọjá.

Òkè àti ìsàlẹ̀ kò ṣe é gbára lé, nítorí bó ṣe wù ú ni coccolith ń balẹ̀ sórí gíláàsì. Asà ìta ló kọjú sí òkun, asà inú ló kọjú sí ara ewédò tó ṣe é. Lábẹ́ pólárọ́ìdì tí a dábùú, asà inú Coccolithus pelagicus, irú coccolith kan, ń tàn, asà ìta rẹ̀ ń ṣú. Ti Reticulofenestra, irú mìíràn, asà ìta náà ń tàn. Ẹni tó bá kọ “òkè” á fi ọ̀kan pe èkejì.

Àárín Calcidiscus leptoporus dí pa, nítorí náà “àlàfo” kò bá a mu. “Àárín” ti tó. Gephyrocapsa ní afárá tó gba àárín kọjá, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ sí i gan-an, àmọ́ ìyọ́ lè gé e, kí èyí tó kù sì jọ Reticulofenestra. “Afárá ti já” yàtọ̀ sí “kò ní afárá”: ẹ wá kùkùté afárá létí àárín, pẹ̀lú òróró lórí lẹ́ńsì, ní ìlọ́po 1000. Bí kùkùté kò bá hàn, tí etí àárín sì ti jẹ, orúkọ méjèèjì ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú “tàbí” láàárín wọn.