Ṣé kí n fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀ torí iṣẹ́ tó wù mí?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Ìkòròdú ni mò ń gbé, ọ́fíìsì kan ní Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́ akáńtì, ìdájí ni mo ti ń jí kí n lè tètè wọ bọ́ọ̀sì BRT tó ń lọ sí TBS nítòsí Marina, owó oṣù ń wọlé déédéé mi ò lè parọ́, àmọ́ tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè báyìí àyà mi á ti máa já.

Ṣùgbọ́n tí mo bá lọ ran àbúrò mi lọ́wọ́ ní Sátidé ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Computer Village n'Íkẹjà, níbi tó ti ń tún fóònù ṣe, mi ò kì í mọgbà tílẹ̀ ń ṣú. Fóònù tó ti kú pátá, téèyàn jó lẹ́ẹ̀dì sójú ibi tí wọ́n ń ki ṣájà bọ̀, tí àmì bátìrì wá yọ lójú ẹ̀ wàì, inú mi máa ń dùn ju ọjọ́ tí álẹ́ẹ̀tì owó oṣù wọlé lọ.

Ìyàwó mi ní ṣé iṣẹ́ tó wuni la fi ń san sukúù fíìsì. Mi ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ téèyàn ń ṣe láràárọ̀, tí kò bá ti gbádùn mọ́ni, ara ló ń jìyà ẹ̀, BP mi gan-an, ìyẹn ìfúnpá, ti ń ga.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kúrò ní ọ́fíìsì bọ́ sídìí iṣẹ́ ọwọ́, ṣé ẹ kọ́kọ́ tọ́jú owó ni àbí ẹ ń ṣe méjèèjì pọ̀? Rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù n'Íkẹjà ń bà mí lẹ́rù, ṣé kí n kúkú bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòròdú?