Èsì: “ìwífún ara ẹni”, ta ló ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Mo ti ka ìwé tí ẹ̀gbọ́n wa túmọ̀ lánàá, èyí tí káńsù fi ń ṣàlàyé fáwọn ará ìlú ìdí tí wọ́n fi ń gba orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà fóònù wọn, tí ẹ̀gbọ́n wá pe àkọlé ẹ̀ ní “Ìdí tí káńsù fi ń gba ìwífún ara ẹni lò”. “Personal data” tí Gẹ̀ẹ́sì ń wí ló pè ní “ìwífún ara ẹni” yẹn. Mo fẹ́ dákẹ́, inú mi ò gbà á.

“Fún” yẹn ló ń dà mí láàmú. Ẹ jẹ́ ká là á: ì-wí-fún. Wí fún ta? Fún ara ẹni! Ẹni tó bá sì ń wí fún ara ẹ̀, a mọ ohun tí wọ́n ń pe irú ẹ̀ lójú títì. Mo ka àkọlé yìí sí ìyá mi létí, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní “ta ló ń dá sọ̀rọ̀, ṣé ara ẹ̀ yá?” Ìyá mi ò wọ yunifásítì o, àmọ́ etí wọn mú ju tèmi àti tẹ̀gbọ́n lọ, ẹ má bínú. Ìwífún nìkan ò burú, “ara ẹni” tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn ló bà á jẹ́.

Àti pé kì í ṣe gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ káńsù la wí fún wọn. Dókítà lè kọ̀wé sí wọn nípa arúgbó tó nílò ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀ nílé, iléèwé lè fi orúkọ ọmọ tí kì í wá ránṣẹ́, kámẹ́rà ojú títì ń ya ẹni tó ń kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀. Kí ni ẹni yẹn wí? Òfin Yúróòpù tó ń dáàbò bo irú nǹkan báyìí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù karùn-ún 2018, GDPR tí gbogbo yín ń fà yọ, kò bèèrè ẹni tó sọ ọ́, ohunkóhun tó bá ti jẹ mọ́ ẹni alààyè tí wọ́n lè dá mọ̀ ló kó wọlé.

Ẹnì kan wá dábàá “àṣírí ẹni”. Háà! Nọ́ńbà ilé mi wà lára ògiri, àwọn tó ń kó ìdọ̀tí mọ̀ ọ́n, àṣírí dà níbẹ̀? Àìsàn ẹni àti ẹ̀sìn ẹni lè sún mọ́ àṣírí, òfin náà sì ya irú ìyẹn sọ́tọ̀ pé kí wọ́n fọwọ́ líle mú un. Ẹni yìí kan náà ló ní òun ò fẹ́ “dátà” torí pé àyálò ni. Ṣé àṣírí kì í ṣe àyálò ni? Ọwọ́ Háúsá la ti gbà á, àwọn náà gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá. Èmi náà ò fẹ́ dátà, àmọ́ ìdí tèmi yàtọ̀: ẹ kọ ọ́ sójú pátákó pé káńsù ń gba dátà yín, kẹ́ ẹ wo bí gbogbo èèyàn á ṣe máa yẹ fóònù wọn wò bóyá ó ti tán.

Ẹ jẹ́ n padà sí “gbà lò”. Ẹni tó gba ṣíbí lò máa dá a padà, káńsù ò ní dá ọjọ́ ìbí yín padà. Gbígbà lọ́tọ̀, lílò lọ́tọ̀, ibi tí òfin ti le nìyẹn, ohun tí wọ́n gbà torí owó orí ilé, wọn ò kàn lè gbé e ṣe nǹkan mìíràn tó bá ṣáà ti wù wọ́n. Ẹ̀gbọ́n tún kọ ọ́ nísàlẹ̀ pé “pẹ̀lú ìyọ̀ǹda yín”. Ta ló ń yọ̀ǹda owó orí? Àlàyé kẹtàlélógójì nínú àwọn àlàyé tí wọ́n kọ síwájú òfin GDPR yẹn gan-an sọ pé níbi tí agbára ò bá dọ́gba, pàápàá tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n má gbé e ka orí ìyọ̀ǹda. Iṣẹ́ tí òfin gbé lé káńsù lọ́wọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi gbà á.

Tèmi ni “àkọsílẹ̀ nípa ẹni”. “Nípa” yẹn ló ń ṣiṣẹ́, kò kan ẹni tó wí. Ìdí tí káńsù fi ń gba àkọsílẹ̀ nípa yín, àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ó gùn? Ó gùn, ta ló ṣòfin pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ ni?

Ẹni tó ń bá mi jà lórí àmì ohùn “káńsù”, mo ti rí lẹ́tà yín, mo ń bọ̀.